Ebi Ọkùnrin, Ebi Obìnrin: Ọ̀gbẹlẹ̀ Ọdún 1983 ní Ìkòyí

Olùkọ́ ìtàn wa ní kí oníkálukú lọ bá àgbàlagbà kan nínú ilé rẹ̀, kí ó bi í léèrè ọdún tí nǹkan nira jù lọ tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí, kí ó sì wá kọ ohun tí ó bá gbọ́. Èmi lọ bá ìyá tó bí màmá mi, ẹni tí gbogbo ilé wa ń pè ní Iye. Orí àpótí ló jókòó sí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Iye, ẹ jọ̀wọ́ mà, ọdún wo ni ebi pa Ìkòyí jù lọ?" Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Ebi ọkùnrin lò ń bèèrè ni, àbí ebi obìnrin?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́, àti pé gbogbo ohun tí mo kà lẹ́yìn náà nípa ọ̀gbẹlẹ̀, láti Kano títí dé orílẹ̀-èdè Niger, inú ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ni mo ti lè rí ìtumọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ má ṣe rò pé Ìkòyí tí mò ń wí ni ti Èkó tí àwọn olówó kọ́lé sí. Ìkòyí tiwa wà ní ilẹ̀ Ìjùmú, ní apá Kábà, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ọmọ Okun ni wá. Okun ni a fi ń kí ara wa, òun náà ni wọ́n sì sọ di orúkọ wa: Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ilẹ̀ wa kì í ṣe aṣálẹ̀ bí ti òkè ọ̀hún. Igbó wà níbẹ̀ díẹ̀, ọ̀dàn pọ̀, òkè olókùúta sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, òjò kì í sábà rọ̀. Bí ọdún tilẹ̀ dára, nǹkan bí oṣù márùn-ún ni ilẹ̀ wa fi ń gbẹ. Nítorí náà ni ilẹ̀ etí odò, èyí tí a ń pè ní àkùrọ̀, fi níye lórí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní àkùrọ̀ yóò jẹ ẹ̀fọ́ tútù àti àgbàdo tútù nígbà tí àwọn yòókù ń wo ojú ọ̀run. Ẹni tí kò ní in wà lọ́wọ́ òjò nìkan.

Ta ló wá ní àkùrọ̀? Ibẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn jagunjagun Nupe láti Bida ń wọ ilẹ̀ Okun, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú wa sá gun orí òkè. Ní oṣù kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company dé Kábà, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bida nínú oṣù kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń dá, ti ìdílé bàbá ni. Àgbà ọkùnrin ní í pín in, ọmọkùnrin ni wọ́n sì ń pín in fún. Obìnrin ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ títí yóò fi lọ sílé ọkọ, níbẹ̀ ni yóò ti máa ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì wa, ẹnì kan ní, "Ṣebí bó ṣe wà níbi gbogbo nìyẹn?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n pé nǹkan wà níbi gbogbo kò ní kí a má bèèrè ohun tí ó fà.

Kí a má sì rò pé obìnrin ayé àtijọ́ kò ní nǹkan kan. Ó ní òfì. Àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ló ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró sójú kan, èyí tí wọ́n ń gbé ti ògiri nínú ilé. Kíjìpá wọn gbajúmọ̀. Ní Bùnú, wọ́n hun àwọn aṣọ pupa ìsìnkú tí iyì wọn kò kéré rárá, débi pé ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan, Elisha Renne, kọ odindi ìwé lórí aṣọ Bùnú, tí ó jáde ní 1995. Iye ní ìyá òun ní òfì méjì, òwú tí ó ń gbìn sí ẹ̀bá oko ọkọ rẹ̀ ló sì fi ń hun ún. Òjò ìbáà rọ̀, òjò ìbáà má rọ̀, aṣọ tó wà nínú àpótí kì í rọ. Bí ọdún bá burú, obìnrin á gbé kíjìpá kan jáde, á tà á, á ra iṣu. Ilẹ̀ ni àpótí ọkùnrin. Aṣọ ni àpótí obìnrin.

Nígbà tó yá, aṣọ ilé iṣẹ́ dé. Ti òkè òkun ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í rí ti ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, ó ní òdòdó lára. Ta ni yóò wá ra kíjìpá wíwúwo? Iye fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n hun, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di abiyamọ, kò hun ún mọ́ nítorí kò sí ẹni tí yóò rà á. Àwọn obìnrin kọjú sí oko: ẹ̀gúsí, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, àgbàdo. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ńlá nìyí, ó sì yà mí lẹ́nu pé n kò rí i nínú ìwé ìtàn tí a ń kà ní kíláàsì. Ní àkókò kan náà tí obìnrin wá nílò ilẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òfin ilẹ̀ kò yí padà fún un. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ohun tí òjò kò lè bà jẹ́, ó bọ́ sínú ohun tí òjò ní ìkáwọ́, lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Òjò sì ti ń ṣe ségesège ṣáájú ìgbà náà. Àwọn Hausa kò gbàgbé ìyàn 1913 sí 1914 tí wọ́n sọ ní Kakalaba. Láti 1972 sí 1974, ọ̀gbẹlẹ̀ bo gbogbo ilẹ̀ Sahel, láti Mauritania àti Senegal dé Chad, àríwá Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Adágún Chad tí ó fẹ̀ tó ìwọ̀n ibùsọ̀ ìlọ́po-méjì-kìlómítà 25,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 ti fà sẹ́yìn títí kò fi tó 2,000 mọ́ ní àárín ọdún 1980. Ní agbègbè Maradi ní Niger, àwọn ọkọ a máa fún ìyàwó ní ilẹ̀ kékeré kan tí Hausa ń pè ní gamana. Ohun tí obìnrin bá kórè níbẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, àmọ́ ọkọ ló ni ilẹ̀, ó sì lè gbà á padà. Nígbà tí mo ka ti gamana fún Iye, ó dúró lórí ẹ̀gúsí rẹ̀, ó ní, "Àwọn náà? Mo rò pé Ìkòyí nìkan ni."

Ní 1981, Amartya Sen, ọmọ Íńdíà tó jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé, gbé ìwé kan jáde lórí ìyàn, ìyàn Sahel sì wà lára àwọn tí ó yẹ̀ wò. Ohun tí ó ń sọ, bí olùkọ́ wa ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún wa, ni pé oúnjẹ lè wà lọ́jà kí ebi sì máa pa ènìyàn, nítorí ẹni náà kò ní ohun tí yóò fi rà á tàbí ẹ̀tọ́ tí yóò fi gbà á. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn bí a ṣe ń wọ 1983.

Ọdún náà burú káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Òun àti 1984 wà lára àwọn ọdún tí òjò ṣọ̀wọ́n jù lọ ní Sahel láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọn òjò. Ní Ghana, iná ọ̀dàn jó oko kòkó lọ rẹpẹtẹ, oúnjẹ dàwátì. Ní oṣù kìíní ọdún náà gan-an sì ni ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, tí àwọn ọmọ Ghana tó lé ní mílíọ̀nù kan ń wọ́ lọ sí ilé tí iná ń jó. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kò rí owó epo gbà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti oṣù kẹrin 1982 ni ìjọba Shagari ti kéde pé kí gbogbo ènìyàn di ìgbànú. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1983, sójà gba ìjọba. Bí ìwé ìtàn ṣe ń kọ ọ́ nìyí: epo, owó, sójà. Òjò kì í sábà sí níbẹ̀.

Bí Iye ṣe sọ ọ́ rèé. Ọdún 1982 ni ọkọ rẹ̀, bàbá màmá mi, ṣaláìsí. Ọmọ mẹ́ta ló bí fún un, obìnrin sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkọ rẹ̀ ní àkùrọ̀ kan létí odò, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń ro ó. Ẹ̀fọ́ ibẹ̀ ni Iye fi ń san owó ilé ìwé. Nígbà tí ó ṣe opó tán, àwọn àgbà ìdílé ní kí àbúrò ọkọ rẹ̀ ṣú u lópó. Ó kọ̀. Ó ní òun kò ní nǹkan kan sí ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò pariwo mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tó lé e kúrò nílé. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé ni ó gbé ọkọ́ lọ sí àkùrọ̀, ó sì rí i pé ẹlòmíràn ti kọ ebè síbẹ̀. Wọ́n júwe ibòmíràn fún un, ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí ọkọ́ ti ń kan òkúta.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Iná ọ̀dàn kọjá lára òkè náà ní oṣù kejì, ó sì jó èbù iṣu tí ó tọ́jú sábẹ́ igi. Iná náà jó òdòdó igi igbá àti igi ẹ̀mí pẹ̀lú, èyí sì ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Gbòǹgbò àwọn igi wọ̀nyí jìn, wọ́n máa ń so nígbà tí oko kò so. Irú àti òrí ni obìnrin fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́dún yẹn, èyí tó ṣẹ́kù lórí igi kò tó í ṣe. Irú sísè sì ń fẹ́ omi púpọ̀, òrí ṣíṣe ń fẹ́ omi púpọ̀, kò sì sí omi.

Òjò kan rọ̀ ní oṣù kẹrin. Iye gbin àgbàdo. Òjò dá. Àgbàdo hù tó ìka, ó gbẹ. Ó yá irúgbìn, ó tún gbìn ín, ó tún gbẹ. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbìn ín, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sìnkú rẹ̀," ohun tí ó wí nìyẹn. Ní àkùrọ̀, àgbàdo kò dára níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó gbó.

Odò tó wà nítòsí ilé gbẹ. Àwọn obìnrin ń gbẹ́ iyanrìn ojú odò, wọ́n á jókòó ti ihò náà títí omi yóò fi sun díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi igbá bù ú. Ẹni tí kò bá tètè dé kò ní bá nǹkan kan. Iye kò lè wà létí ihò omi kí ó tún wà lóko, nítorí náà àkọ́bí rẹ̀ ló ń lọ. Àǹtí mi yìí wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjọba sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ káàkiri Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án 1976. Ní 1982 ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, ọmọ ọdún 12. Wọ́n ní kí ó dúró sílé di ìgbà tí òjò yóò dé. Òjò dé. Ó ti di ẹni tó mọ ọ̀nà omi jù lọ nínú ilé, àbúrò méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun, owó ilé ìwé kò sì sí. Kò padà mọ́. Màmá mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, ló kàwé débi tí ó fi di olùkọ́. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ Àǹtí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ṣáà ti ń kà á fún mi báyìí."

Ó ku àpótí aṣọ. Kíjìpá méje ni ìyá Iye fi sílẹ̀ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ọjà Kábà. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ní ìyá. Obìnrin pọ̀ lọ́jà tí wọ́n gbé aṣọ ìyá wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń wá èlùbọ́. Aṣọ di ọ̀pọ̀, èlùbọ́ di ọ̀wọ́n. Nígbà tí ó fi ta ìkarùn-ún, ohun tí ó rí rà kò tó ìdajì ohun tí ó fi ìkíní rà. Mo ronú sí Sen níbí yìí. Iye kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àmọ́ ó lè ṣàlàyé ìwé náà fún un.

Mo gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀tọ́ sí àbúrò ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí bí mo bá sọ ọ́ di ìkà ènìyàn, irọ́ ni mo pa. Òun náà ní ọmọ. Ebi pa òun náà. Ó ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ sí Kaduna láti wá iṣẹ́, ní àkókò tí àwọn ilé iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Oṣù mẹ́rin ló lò, ó padà wálé ní rírù, kò mú kọ́bọ̀ dání. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìlú wa ló lọ bẹ́ẹ̀, sí Èkó, sí Warri, sí Kaduna. Àwọn kan rí nǹkan fi ránṣẹ́, àwọn kan kò rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ ibẹ̀. Ó lè lọ. Nígbà tí ó sì padà, àkùrọ̀ ń dúró dè é. "Ebi ọkùnrin a máa rin ìrìn àjò," Iye sọ, "tèmi jókòó sílé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta."

Bàbá mi ka ibi tí mo kọ dé yìí, kò sì dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní òjò kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, pé òjò pa ẹyẹlé, ó pa adìẹ. Mo fèsì pé òtítọ́ ni, sà, ṣùgbọ́n ẹyẹlé ní ilé tí ó lè wọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n má fi ẹnu yẹn sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà. Síbẹ̀, òun ló sọ fún mi pé kí n lọ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ lọ́yà, bí mo bá fẹ́ mọ ohun tí òfin wí.

Ohun tí mo gbọ́ lọ́dọ̀ lọ́yà ló dá oorun mọ́ mi lójú. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé ẹjọ́ sọ ọ́ gbangba pé nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó kò lè jogún ọkọ rẹ̀. Nítorí náà, lójú òfin ìgbà náà, Iye kò ní àkùrọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní 1924, nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez ní Èkó, ilé ẹjọ́ ti sọ pé nínú àṣà Yorùbá kan náà, ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ìdílé bàbá rẹ̀ bí ọmọkùnrin ṣe ní. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò: ní 1983, ìdájọ́ yìí ti pé ọdún 59. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta wà nínú ilé yẹn. Èkó kì í ṣe Kábà, lóòótọ́. Abẹ́ Àríwá ni ilẹ̀ Okun wà nígbà ìjọba òyìnbó, àwọn ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ tiwa sì wà lọ́tọ̀. Àmọ́ àṣà Yorùbá ni àwọn àgbà ìdílé pẹ̀lú tọ́ka sí nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n ṣú Iye lópó. Àṣà náà ní ẹsẹ̀ méjì. Ẹyọ kan ni wọ́n fi rìn. Àǹtí tó ń pọn omi ní etí ihò iyanrìn ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ etí odò, kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Ní oṣù kẹrin 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje tó dá lórí àṣà Ìgbò, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé àṣà tó bá ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀ lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. Ní ọdún náà, Àǹtí ti pé ẹni ọdún 44.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ níbòmíràn ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní Keita, ní orílẹ̀-èdè Niger, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan ní 1984 láti gba ilẹ̀ tó ti gbẹ padà: wọ́n to òkúta, wọ́n gbẹ́ kòtò tí yóò dá omi dúró, wọ́n gbin igi. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, nítorí àwọn ọkọ ti lọ wá owó sí ìlú mìíràn. Ọwọ́ obìnrin ló to òkúta wọ̀nyẹn. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ pé àyípadà ojú ọjọ́ ń ni obìnrin lára jù, bí ẹni pé ara obìnrin ló rọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀ ni kò sí.

Nísinsìnyí ńkọ́? Ojú ọjọ́ kò dúró sójú kan. Òjò àkọ́rọ̀ a tàn wá jẹ, a ó gbìn, a ó sì tún gbìn. Nígbà mìíràn omi ni ó ń pọ̀ jù: gbogbo wa rí bí odò Ọya àti Benue ṣe wọ ilé àwọn ará Lokoja ní 2012, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2022. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ wa rí dì mú ni kajú. Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí kajú ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Igi náà kò bẹ̀rù ẹ̀ẹ̀rùn, àárín ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló ń so, nígbà tí àká ti ṣófo. Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni ó lè gba àgbẹ̀ ilẹ̀ wa lọ́wọ́ ọ̀gbẹlẹ̀, kajú ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ.

Ṣùgbọ́n igi kì í ṣe àgbàdo. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá yá ilẹ̀ lè gbin ohun tí yóò kórè lọ́dún kan, kò gbọdọ̀ gbin igi tí yóò pẹ́, nítorí ẹni tó gbin igi ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ ilẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ obìnrin ni yóò ṣa kajú lábẹ́ igi onígi, tí wọn yóò gba owó ọjọ́ kan. Àwọn oko tí wọ́n ti ń yá ilẹ̀ gbin ẹ̀gúsí tẹ́lẹ̀, kajú ti bò wọ́n, òjìji rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹ̀gúsí ṣe dáadáa. Ohun tó ń gba ọkùnrin là lọ́wọ́ ọ̀gbẹlẹ̀ ti lé obìnrin sẹ́yìn síi. Kò sí ẹni tó gbèrò ibi. Bí àpótí aṣọ ṣe ṣófo ní ọjọ́sí náà nìyí.

Ní Kérésìmesì tó kọjá, ìdílé bàbá màmá mi ṣe ìpàdé. Màmá mi dìde, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì ní òun ń bẹ̀bẹ̀ fún àkùrọ̀ bàbá òun, kí òun àti ẹ̀gbọ́n òun lè gbin kajú sí òkè rẹ̀, kí àwọn sì máa gbin ẹ̀fọ́ sí ìsàlẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tí mo ti sọ ìtàn rẹ̀, ti di arúgbó. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ àwọn ni, ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi du ọmọ. Ẹnu yà gbogbo wa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìdílé sọ pé ó dára, kí ó máa dá oko níbẹ̀, kí ó gbin ẹ̀fọ́, kí ó gbin àgbàdo, kí ó gbin ẹ̀gẹ́ bí ó bá wù ú. Kí ó má ṣáà gbin igi. Wọ́n ní àwọn yóò tún jókòó lé e lórí ní ọdún Àjíǹde.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Iye ní kí n mú ìwé àti báírò, kí n tẹ̀lé òun. Ó lé ní wákàtí kan kí a tó dé etí odò, nítorí ó ń sinmi lọ́nà. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí pèrègún kan lápá òsì àti òmíràn lápá ọ̀tún, ó ní kí n fi ẹsẹ̀ wọn àárín wọn. Ìṣísẹ̀ 74 ni. Láti etí omi lọ sókè jẹ́ 33. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ìtàn mi, mo kọ ọjọ́ sí i. Ó ní, "Kọ ọ́ pẹ̀lú pé ọkọ mi ló gbin pèrègún òsì yẹn, pé èmi ni mo di ilẹ̀ mọ́ ọn nídìí." Mo kọ ọ́.